Soleil Royal: ọkọ̀ ogun mẹ́ta tó jẹ́ orúkọ kan, àti omi tó tán lábẹ́ wọn

Ẹni tó bá ń ka ìtàn ogun ojú omi Faransé lè rò pé ọkọ̀ kan wà tí ikú kò rí mú. Ní 1690, Soleil Royal ló gbé àsíá ọ̀gágun Tourville nígbà tí Faransé ṣẹ́gun àwọn ọkọ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti ti Nẹ́dálándì lójú omi Beachy Head. Ní 1692, ó jóná ní Cherbourg. Nígbà tó di 1693, Tourville kan náà tún wà lórí Soleil Royal, ó ń lépa ọ̀wọ́ ọkọ̀ oníṣòwò nítòsí Lagos (Lagos ti ilẹ̀ Pọtogí ni o, kì í ṣe Èkó, ọ̀rọ̀ orúkọ tó jọra kò tíì tán). Ní 1707, wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ rì í sínú èbúté Toulon. Ní 1759, ó tún jóná, lọ́tẹ̀ yìí ní Le Croisic, lẹ́bàá ibi tí odò Loire ti ń wọ òkun.

Ọkọ̀ kì í jóná lẹ́ẹ̀mejì. Mẹ́ta ni wọ́n. Èyí tó jóná ní Cherbourg ni àkọsílẹ̀ yìí dá lé lórí, nítorí òun ni a lè tẹ̀ lé wákàtí dé wákàtí dé ibi tó parí sí. Méjì tó kù á wọ inú ọ̀rọ̀ níbi tí wọ́n bá ti wúlò. Àwọn tó ń sọ ìtàn wọn máa ń ka àgbá, wọ́n á ka ère aláwọ̀ wúrà tó wà lẹ́yìn ọkọ̀. Ìsàlẹ̀ ọkọ̀ ni kí ẹ bá wa máa wò: báwo ni omi ṣe jìn tó níbi tó fẹ́ sá sí? Ìbéèrè yẹn ló pa méjì nínú wọn, òun ló sì sọ bí ẹlẹ́ẹ̀kẹta ṣe parí.

Soleil Royal túmọ̀ sí Oòrùn Ọba. Ọba Louis XIV ló fi oòrùn ṣe àmì ara rẹ̀, nítorí náà ọkọ̀ tó bá ń jẹ́ orúkọ yìí, ọba fúnra rẹ̀ ló dúró fún. Bí ó bá rì, orúkọ náà kò gbọ́dọ̀ bá a rì. Ó fara jọ bí àwa náà ṣe ń sọ ọmọ ní Babátúndé lẹ́yìn tí bàbá àgbà bá ti lọ, ṣùgbọ́n ibì kan wà tí wọn ò ti jọra. Babátúndé ń jẹ́ Babátúndé láti ọjọ́ ìsọmọlórúkọ. Ọkọ̀ ogun lè wà lọ́wọ́ akànkọ̀ pẹ̀lú orúkọ kan, kí àṣẹ dé láti ààfin, kó sì di nǹkan mìíràn. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí Soleil Royal kejì gan-an nìyẹn: Foudroyant ni wọ́n kọ́kọ́ ń pè é.

Laurent Hubac ni ọ̀gá akànkọ̀ tó kan ti àkọ́kọ́ ní Brest. Wọ́n tì í sómi ní ọjọ́ 13, oṣù Kejìlá, 1669. Alájà mẹ́ta ni, àgbá rẹ̀ lé ní 100, àwọn tó wúwo jù sì wà ní àjà ìsàlẹ̀ kí ọkọ̀ má baà dojú dé. Ọta kọ̀ọ̀kan tí àwọn àgbá ìsàlẹ̀ ń yìn wọn líbírà Faransé 36, ìyẹn bíi kílò 17 àti ààbọ̀. Àgbá tó ń yìn ín ju tọ́ọ̀nù 3 lọ, ọkùnrin bíi 14 ló sì ń ṣiṣẹ́ nídìí ẹyọ kan. Ẹ ka ẹ̀tù mọ́ ọn, ẹ ka omi mímu, bisikíìtì, ẹran oníyọ̀, òkúta tí wọ́n fi ń tẹ ìdí ọkọ̀ kó lè dúró, àti èèyàn tó lé ní 800. Gbogbo ẹrù yẹn ló tẹ ọkọ̀ náà wọ inú omi ju mítà 7 lọ. Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan ga tó bẹ́ẹ̀. Níbikíbi tí omi ò bá ti lè bo ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì mọ́lẹ̀, Soleil Royal kò lè gba ibẹ̀ kọjá.

Fún ọ̀pọ̀ ọdún ó kàn jókòó sí Brest ni, wọ́n sì ń fi í yangàn. Ìgbà tí ogun dé ní ìparí ọdún 1680 sí 1689 ni wọ́n tún un ṣe tí wọ́n sì gbé e jáde. Brest yẹ ọkọ̀ bẹ́ẹ̀, omi rẹ̀ jìn, ẹnu rẹ̀ sì fún débi pé ọ̀tá kò lè já wọlé ṣákálá. Ṣùgbọ́n bí ọkọ̀ bá ti kúrò ní Brest tó forí lé ìlà oòrùn, sínú omi tóóró tó wà láàárín Faransé àti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kò sí èbúté Faransé kan mọ́ tó lè gbà á nígbàkigbà. Saint-Malo wà níbẹ̀, àmọ́ àpáta ló yí i ká, ìgbà tí omi bá kún nìkan ni ọkọ̀ ń wọ̀ ọ́. Omi Le Havre kò jìn. Cherbourg ṣí sílẹ̀ gbayawu sí ìhà àríwá. Vauban, oníṣẹ́ odi tó lókìkí jù ní Faransé nígbà náà, ti bẹ̀rẹ̀ sí í mọ odi síbẹ̀, ṣùgbọ́n ní 1689 ìjọba ní kí wọ́n wó o, nítorí wọ́n ń bẹ̀rù pé ọ̀tá lè gba ìlú náà kó sì fi odi wọn jókòó tì wọ́n. Ọdún mẹ́ta péré lẹ́yìn náà ni wọ́n nílò rẹ̀.

Ṣáájú kí a tó wọ inú ogun náà, ọ̀rọ̀ ọjọ́. Ìwé Gẹ̀ẹ́sì á sọ pé ogun Barfleur, èyí tí iná Cherbourg tẹ̀ lé, jẹ́ ọjọ́ 19, oṣù Karùn-ún, 1692. Ti Faransé á sọ ọjọ́ 29. Ọjọ́ kan náà ni. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò tíì gba kàlẹ́ńdà tuntun nígbà yẹn, ọjọ́ 10 sì ni àlàfo tó wà láàárín méjèèjì. Ọjọ́ Faransé la lò níbí.

Louis XIV fẹ́ kó ọmọ ogun sọdá láti gbé James II padà sórí ìtẹ́ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn ọmọ ogun ti pàgọ́ sí La Hougue, etíkun Faransé kan tí kò jìnnà sí Cherbourg. Iṣẹ́ Tourville ni láti gba ojú omi kí wọ́n lè kọjá. Ó yẹ kí ọ̀wọ́ ọkọ̀ mìíràn ti Toulon wá bá a, ìjì dá wọn dúró, kò sì sí àyè ìdúródeni: àṣẹ ọba ni pé kó jáde, bó bá sì rí ọ̀tá kó bá wọn jà, bí wọ́n ṣe lè pọ̀ tó. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́ ní ọjọ́ 29, ọkọ̀ ogun 44 ló wà lẹ́yìn rẹ̀. Ọ̀gágun Edward Russell ti Gẹ̀ẹ́sì ní tó 82, ti Nẹ́dálándì wà lára wọn. Afẹ́fẹ́ ń fẹ́ láti gúúsù ìwọ̀ oòrùn, ó wà lẹ́yìn Tourville. Bó bá wù ú, ó lè yà. Kò yà. Ó darí Soleil Royal tààrà sí Britannia, ọkọ̀ Russell.

Wọ́n jà láti nǹkan bí aago 11 àárọ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú. Ọkọ̀ Faransé kankan kò rì lọ́jọ́ náà, ìyẹn nìkan tó ìyàlẹ́nu. Kùrukùru sọ̀kalẹ̀ lọ́sàn-án, afẹ́fẹ́ kú, nígbà tí ìṣàn omi sì yí padà, Tourville sọ ìdákọ̀ró sílẹ̀ láìká ìgbòkun. Ìṣàn gbé àwọn ọ̀tá lọ, tirẹ̀ dúró. Lálẹ́ náà, àwọn Gẹ̀ẹ́sì rán ọkọ̀ oníná, ọkọ̀ tí wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ń tiná bọ̀ kó lè lọ jó ọkọ̀ ọ̀tá, sí Soleil Royal lórí ìṣàn omi kan náà. Ó yẹ̀ wọ́n. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbàgbé ibí yìí: lójú omi jíjìn, pẹ̀lú ọkọ̀ tí àgbá ti lù nílùkulù ní gbogbo ọjọ́, ọkọ̀ oníná kò rí nǹkan kan ṣe.

Ìdákọ̀ró ló bẹ̀rẹ̀ wàhálà. Ìdákọ̀ró ńlá ọkọ̀ alájà mẹ́ta wúwo tó tọ́ọ̀nù 3 tàbí jù bẹ́ẹ̀, okùn rẹ̀ sì nípọn bí itan ọmọdé. Láti fà á sókè, ọ̀pọ̀ ọkùnrin ni yóò máa ti igi ìyípo ní àárín ọkọ̀ fún ìgbà pípẹ́. Bí ọ̀tá tàbí ọkọ̀ oníná bá ti ń bọ̀, kò sí àyè fún ìyẹn. Àáké ni wọ́n ń fà yọ. Wọ́n á gé okùn, ìdákọ̀ró á wà nísàlẹ̀ òkun, ọkọ̀ á lọ. Gbogbo ìgbà tí ọ̀gá ọkọ̀ bá fi ọ̀nà yìí bọ́, ohun tó máa fi dúró lọ́la ló ń jù nù. Nínú ìjà ọjọ́ 29 àti òru rẹ̀, ọ̀pọ̀ ọkọ̀ Tourville ló pàdánù ìdákọ̀ró báyìí.

Ọjọ́ kejì, wọ́n ń sá lọ sí ìwọ̀ oòrùn. Soleil Royal ló ń fà wọ́n sẹ́yìn: òpó rẹ̀ ti bà jẹ́, ìgbòkun rẹ̀ ti ya, gbogbo ọ̀wọ́ ọkọ̀ sì ń dúró dè é torí pé ọ̀gá wọn wà lórí rẹ̀. Ó di òru kí Tourville tó gbà láti gbé àsíá rẹ̀ lọ sórí Ambitieux. Lójú tiwa, ìpinnu yẹn pẹ́ ju. Ọkọ̀ tó ń jẹ́ orúkọ ọba kò rọrùn láti fi sílẹ̀, àmọ́ wákàtí tí wọ́n fi dúró dè é ni wákàtí tí wọn ò ní lọ́wọ́ ní àárọ̀ ọjọ́ kẹta.

Ibi tí wọ́n ń lọ ni Raz Blanchard, ọ̀nà omi tó wà láàárín erékùṣù Alderney àti orí ilẹ̀ Cotentin. Ìṣàn omi ibẹ̀ lágbára bí odò tó ya: ní ìgbà tí omi bá pọ̀, eré rẹ̀ lè ju kìlómítà 15 lọ ní wákàtí kan. Ọkọ̀ alájà mẹ́ta tí afẹ́fẹ́ pẹ́lẹ́ ń tì kì í sá tó ìdajì rẹ̀. Ọgbọ́n tí àwọn atukọ̀ ń dá níbẹ̀ ni kí wọ́n bá ìṣàn lọ fún bíi wákàtí mẹ́fà tó bá fi ń lọ sí gúúsù ìwọ̀ oòrùn. Bó bá ti yí padà, kí wọ́n sọ ìdákọ̀ró, kí wọ́n dúró fún wákàtí mẹ́fà mìíràn títí tó fi máa tún yí. Ẹni tí ìdákọ̀ró rẹ̀ bá dì mú kò ní nǹkan í bẹ̀rù. Ọkọ̀ tó lé ní 20 kọjá tẹ̀lé ọ̀gágun Pannetier, wọ́n sì wọ Saint-Malo.

Ìṣàn yí padà mọ́ àwọn tó kù lórí. Wọ́n sọ ìdákọ̀ró tó ṣẹ́ kù sílẹ̀. Àpáta ló wà nísàlẹ̀ níbẹ̀, kì í ṣe ẹrẹ̀ tí ìdákọ̀ró lè rì sí. Ìdákọ̀ró ń wọ́, okùn ń já. Bí omi ṣe gbé wọn nìyẹn, tí ó ń dá wọn padà sí ìlà oòrùn, ní ọ̀nà tí wọ́n ti ń sá bọ̀, lójú Russell. Méjìlá ló forí lé La Hougue. Soleil Royal, Admirable àti Triomphant kò lè lọ mọ́. Wọ́n yà sí Cherbourg, wọ́n sì jókòó sórí iyanrìn.

Kí ló ń ṣẹlẹ̀ sí ọkọ̀ tó bá jókòó bẹ́ẹ̀? Ní Cherbourg, nígbà tí omi bá ń fà gidigidi, ojú omi lè lọ sílẹ̀ tó mítà 5. Abẹ́ ọkọ̀ alájà mẹ́ta rí roboto bí ikùn, kò pẹlẹbẹ bíi ti ọkọ̀ ọ̀sà. Bí omi ṣe ń fà, ọkọ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í gbè sí ẹ̀gbẹ́ kan. Àgbá ẹ̀gbẹ́ tó gbè sísàlẹ̀ á máa wo omi, ti ẹ̀gbẹ́ kejì á máa wo sánmọ̀. Àgbá ń bẹ, ẹ̀tù ń bẹ, àmọ́ kò sí bí wọ́n ṣe fẹ́ fojú sun ọkọ̀ kékeré tó ń bọ̀ láti iwájú. Àwọn ará inú ọkọ̀ tún máa ń gé òpó kó lè fúyẹ́ lókè.

Ọ̀gágun Ralph Delaval ni Russell yàn sí wọn. Ó kọ́kọ́ gbìyànjú, omi kò gbà á: ọkọ̀ tirẹ̀, Royal Sovereign, tóbi jù fún ibẹ̀, ẹ̀rù kí òun náà má jókòó sórí iyanrìn sì ń bà á. Àgbá láti etíkun àti láti inú ọkọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ṣì ń dún. Ó sọ̀kalẹ̀ sínú St Albans tó kéré jù ú. Ní ọjọ́ 2, oṣù Kẹfà, ó rán ọkọ̀ oníná mẹ́ta.

Ọkọ̀ oníná kì í ṣe ọkọ̀ ogun tí wọ́n kàn dáná sí. Wọ́n ń tún inú rẹ̀ kọ́ fún iṣẹ́ yìí ni. Ní àjà ìsàlẹ̀, wọ́n á fi pákó ṣe ọ̀pá oníhò tó lọ láti ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn dé gbogbo igun, wọ́n á sì da ẹ̀tù sínú rẹ̀ kí iná lè sáré dé ibi gbogbo lẹ́ẹ̀kan náà. Wọ́n á to ìtí igi wẹ́wẹ́ tí wọ́n ti rì bọnú ọ̀dà, oje igi àti imí ọjọ́. Ìlẹ̀kùn fèrèsé ọkọ̀ ogun máa ń ṣí sókè, okùn ló ń dì í mú. Bí okùn yẹn bá jóná, ìlẹ̀kùn á já wálẹ̀, á pa fèrèsé dé, iná á sì kú nítorí kò rí afẹ́fẹ́. Nítorí náà, ìsàlẹ̀ ni wọ́n ń kan àgbékọ́ fèrèsé ọkọ̀ oníná mọ́. Bí iná bá jó okùn rẹ̀, ńṣe ni fèrèsé á ṣí fúnra rẹ̀, atẹ́gùn á wọlé, ahọ́n iná á sì yọ síta. Ìkọ́ irin wà ní ìkángun àwọn igi ìgbòkun láti fi há mọ́ okùn ọ̀tá. Lẹ́yìn, ní ẹ̀gbẹ́, wọ́n gé ilẹ̀kùn kan tóbi tó kí èèyàn lè gbà á jáde, ọkọ̀ àjẹ̀ kan sì so mọ́ ibẹ̀. Ọ̀gá ọkọ̀ àti èèyàn díẹ̀ ló ń darí rẹ̀ títí tó fi fẹ́ẹ̀ kan ọ̀tá. Wọ́n á wá fi iná sí ìdí ẹ̀tù, wọ́n á bẹ́ sínú ọkọ̀ àjẹ̀, wọ́n á wakọ̀ lọ.

Ibi tí iṣẹ́ yìí ti ń bàjẹ́ pọ̀. Bí wọ́n bá tanná jù yá, ìgbòkun á jó, ọkọ̀ á sọ ọ̀nà nù. Bí wọ́n bá pẹ́, àgbá á fọ́ wọn. Ọ̀tá lè rán ọkọ̀ kéékèèké pẹ̀lú ìwọ̀ àti ẹ̀wọ̀n láti wọ́ ọkọ̀ oníná sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Èyí tó sì rọrùn jù lọ: ọ̀tá lè gé okùn kó yẹ̀, bí Soleil Royal ṣe ṣe ní òru ọjọ́ 29. Ìdí rèé tí ọ̀pọ̀ ọkọ̀ oníná fi ń jó dànù lójú omi láìpa ẹnikẹ́ni. Ní Cherbourg pàápàá, ọ̀kan nínú mẹ́ta, Hound, kò débẹ̀. Àgbá ló bà á jẹ́ lójú ọ̀nà.

Blaze dé. Thomas Heath ló darí rẹ̀ lọ bá Soleil Royal ní ẹ̀yìn, ibi tí àwòrán gbígbẹ́ àti ère pọ̀ sí jù, igi gbígbẹ tí wọ́n kùn ní ọ̀dà àti òróró. Kò sí okùn tí wọ́n lè gé tí ọkọ̀ tó ti jókòó sórí iyanrìn á fi yẹ̀. Iná mú, ó gun òkè, ó sì wá dé ibi tí ẹ̀tù wà. Wolf ló jó Triomphant. Admirable náà kò yè é. Láàárín wákàtí díẹ̀, ohun tí ọkọ̀ ogun 82 kò lè rì lójú omi tó jìn ti parí lọ́wọ́ ọkọ̀ kékeré tí kò ju bíi 40 èèyàn lọ.

Ní La Hougue, àwọn 12 tó kù jóná lọ́jọ́ náà àti ọjọ́ kejì, ọkọ̀ àjẹ̀ ló sì ṣe púpọ̀ nínú iṣẹ́ náà. James II wà létíkun, ó ń wò wọ́n.

Orúkọ náà kò pẹ́ nílẹ̀. Brest ti ń kan ọkọ̀ alájà mẹ́ta mìíràn lọ́wọ́, Foudroyant. Kò pẹ́ tí ó bọ́ sómi tí ó fi di Soleil Royal. Bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ṣe fi orúkọ àwọn mìíràn tó jóná sórí ọkọ̀ tuntun, Admirable àti Triomphant wà lára wọn. Ẹni tó bá ka àtòkọ ọ̀wọ́ ọkọ̀ Faransé ti 1691 àti ti 1693 lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn lè bínú pé irọ́ ni wọ́n pa fún òun nípa iná La Hougue. Bóyá ohun tí ọba fẹ́ kó máa rò nìyẹn.

Ti ọkọ̀ kejì kò gùn. Ní 1707, nígbà tí ogun dó ti Toulon láti orí ilẹ̀ àti láti ojú omi, àwọn Faransé mọ̀ọ́mọ̀ ki omi wọnú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ńlá wọn, wọ́n jókòó sórí ẹrẹ̀ èbúté kí bọ́ǹbù má baà jó wọn. Soleil Royal wà lára wọn. Lójú ẹni tó mọ ti 1692, ọgbọ́n ni: bí omi tí kò jìn bá fẹ́ pa ọ́, ìwọ ni kó o yan ibi tó o máa jókòó sí, lẹ́yìn odi, pẹ̀lú àgbá tó ń ṣọ́ ọ. Iná kò jó o. Àmọ́ owó tí wọ́n á fi gbé e dìde kó tún lè jagun kò sí mọ́ ní àpótí ọba. Wọ́n tú u palẹ̀ níkẹyìn.

Soleil Royal kẹta jáde ní Brest ní 1749. Ọba mìíràn ló wà lórí oyè, Louis XV. Ìkànkọ̀ náà ti yí padà: àgbá 80 lórí àjà méjì, kò wúwo tó ti àtijọ́, ó sì yára jù ú. Síbẹ̀, ìdí rẹ̀ ṣì wọ omi fẹ́ẹ̀ tó mítà 7. Ní oṣù Kọkànlá 1759, ọ̀gágun Conflans gbé e jáde láti Brest pẹ̀lú ọkọ̀ ogun 21 lápapọ̀, iṣẹ́ tó sì wà lọ́rùn rẹ̀ jọ ti Tourville: kó kó ọmọ ogun sọdá lọ bá àwọn Gẹ̀ẹ́sì. Edward Hawke, ọ̀gágun Gẹ̀ẹ́sì, lé e bá ní ọjọ́ 20 nínú ìjì. Conflans sá wọ inú omi Quiberon, ó ń rò pé kò sí ará Gẹ̀ẹ́sì tó máa tẹ̀ lé òun wọ àárín àpáta tí kò mọ̀ nínú irú afẹ́fẹ́ bẹ́ẹ̀. Hawke tẹ̀ lé e wọlé. Ó gbà pé ibi tí Faransé bá gbà, òun náà lè gbà á. Thésée, ọ̀kan nínú ọkọ̀ Faransé, ṣí fèrèsé àgbá ìsàlẹ̀ rẹ̀ láti jà, ìgbì wọlé, ó sì rì pẹ̀lú bíi 600 ọkùnrin.

Alẹ́ lẹ́. Nínú òkùnkùn, Soleil Royal sọ ìdákọ̀ró sílẹ̀. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, àárín àwọn ọkọ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni Conflans bá ara rẹ̀. Ó gé okùn, ó forí lé Le Croisic, ó sì jókòó sórí ilẹ̀ níwájú ìlú náà, nítorí èbúté yẹn kò lè gba ọkọ̀ tó tóbi tó bẹ́ẹ̀. Essex tó ń lé e lọ kọlu àpáta Four, òun náà kò sì kúrò níbẹ̀ mọ́. Lọ́jọ́ 22, àwọn Faransé fúnra wọn dáná sun Soleil Royal kó má baà bọ́ sọ́wọ́ ọ̀tá. Ti 1759 sàn ju ti 1692 lọ lọ́nà kan: èèyàn ti sọ̀kalẹ̀ kí iná tó dé.

Méje nínú ọkọ̀ Conflans yè é, ọ̀nà tí wọ́n sì gbà yè é yẹ ká ṣírò. Ẹnu odò Vilaine ni wọ́n sá sí, omi ibẹ̀ kò sì tó wọn. Wọ́n ju àgbá àti ẹrù sínú omi kí ọkọ̀ lè fúyẹ́. Bí ọkọ̀ bá da àgbá ńlá 30 nù pẹ̀lú kẹ̀kẹ́ wọn, ó ti bọ́ lọ́wọ́ bíi tọ́ọ̀nù 120. Fún ọkọ̀ tó fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀, ìyẹn á gbé e sókè bíi sẹ̀ǹtímítà 20. Ìbú àtẹ́lẹwọ́ méjì! Gbogbo agbára ogun tó wà ní àjà ìsàlẹ̀ ni wọ́n fi ra ìbú àtẹ́lẹwọ́ méjì. Wọ́n rí i rà, wọ́n sì wọlé, ṣùgbọ́n ó gbà ju ọdún kan lọ kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́ jáde, ọ̀kan nínú wọn kò sì tún jáde mọ́.

Bí ẹ bá rí orúkọ yìí nínú ìwé, ọdún ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Bó bá jẹ́ Tourville ní 1690 tàbí ní Barfleur, ti Hubac ni. Láti 1693 títí dé ogun Toulon, èyí tó ti jẹ́ Foudroyant rí ni. Bó bá jẹ́ Conflans tàbí àgbá 80, ti 1749 ni. Àwòrán kò ṣeé gbára lé tó bẹ́ẹ̀. Soleil Royal oníke tí Heller ń tà nínú páálí fún àwọn tó ń to ọkọ̀ kéékèèké, àwòṣe kan tó wà ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ọkọ̀ ojú omi ní Paris ni wọ́n wò ṣe é. Ọ̀rúndún kọkàndínlógún sì ni Tanneron ṣe àwòṣe náà, ó lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún lẹ́yìn tí ti Cherbourg ti jóná. Ó dára púpọ̀ láti wò. Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí Hubac ṣe tẹ igi kò ní rí ìdáhùn níbẹ̀.

Ní ti Cherbourg fúnra rẹ̀, ó pẹ́ kí Faransé tó padà sídìí ọ̀rọ̀ náà. Ní 1784 wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í rì àpótí igi tó ga bíi mítà 20, tí ìdí rẹ̀ fẹ̀ tí orí rẹ̀ sì fún, wọ́n ń kó òkúta kún inú wọn láti fi ṣe odi nínú òkun níwájú ìlú náà. Àádọ́rùn-ún ni wọ́n fẹ́ rì. Louis XVI fúnra rẹ̀ wá wò wọ́n ní 1786. Ìjì fọ́ àwọn àpótí náà, kòkòrò omi ń jẹ igi wọn, wọ́n sì pa dà sórí òkúta lásán tí wọ́n ń dà sínú omi lọ́dọọdún. Odi náà gùn ju kìlómítà 3 àti ààbọ̀ lọ, ọkọ̀ alájà mẹ́ta sì lè sùn lẹ́yìn rẹ̀ láìbẹ̀rù. Wọ́n parí rẹ̀ ní 1853. Ọdún mẹ́ta ṣáájú ni wọ́n ti ti Napoléon sómi ní Toulon, ọkọ̀ ogun alágbàá 90 tó ní ẹ́ńjìnnì, tó lè kúrò ní èbúté láìdúró de afẹ́fẹ́ tàbí ìṣàn omi.